Ojú Ọ̀nà Tí Yaqub Yà

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ti rí ẹni tí líìfìtì ilé rẹ̀ kò bàjẹ́, tó tún ń fi ẹsẹ̀ gun àtẹ̀gùn àjà mẹ́jọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lóòjọ́? Ohun tí Mìsítúrà ń ṣe nìyẹn ní Peckham, ní London, láti ìgbà tí ààwẹ̀ ti parí, tòun ti orúnkún tó ń dùn ún. Ó fẹ́ lọ rìn lórí àwọn òkè Lake District, lápá àríwá England, fún ọjọ́ mẹ́rin. Òun, ọkọ rẹ̀ àti ọmọ rẹ̀ obìnrin yóò gbéra ní ìlú Ambleside, wọn yóò yí àwọn òkè náà po, wọn yóò sì padà sí Ambleside. Yaqub, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ló fi báírò pupa ya ojú ọ̀nà náà sórí máàpù. Ó ti bẹ̀ ẹ́ títí pé kó bá òun lọ, Mìsítúrà a sì máa ní ó di ọdún tó ń bọ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, kò sẹ́ni tó lè dá a dúró.

Lọ́sàn-án Sátidé, ó tẹ́ máàpù náà sórí tábìlì. Aishah, ọmọ rẹ̀ obìnrin, ń fi fóònù wá ilé tí wọn yóò sùn.

"Mummy, máìlì mẹ́tàlá ni ọjọ́ kejì yẹn o. Pẹ̀lú orúnkún yín? Ẹ jẹ́ ká gba ìsàlẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ adágún. It's flat."

"Ṣé ìsàlẹ̀ ni Yaqub gbà?"

"Rárá, mà."

"Òkè la máa gbà nìyẹn."

Aishah kọ ọ́ sílẹ̀.

Làtíìfù, ọkọ rẹ̀, ti mọ́sáláṣí dé. Ó dúró ti báàgì tó wà nílẹ̀, ó ń wo kóòtù tó nípọn, búútù ọkùnrin tuntun, ìrẹsì, àti ọbẹ̀ ata tó ti dì sínú ike.

"Mummy Yaqub, ṣé ọjà lo fẹ́ lọ pàtẹ lórí òkè ni?"

"Ebi á ti máa pa Yaqub. Ẹ sì mọ̀ pé kì í fẹ́ràn oúnjẹ òyìnbó."

"Ta ló máa ru gbogbo èyí?"

"Ẹ̀yin ni. Kí lẹ ń fi èjìká yẹn ṣe láti ọjọ́ yìí?"

Aishah bú sẹ́rìn-ín, ó wo bàbá rẹ̀, ó sì tún gbájú mọ́ fóònù rẹ̀. Làtíìfù jókòó.

"Ààfáà tún béèrè ọjọ́ tí gbogbo ẹbí á lè pé jọ."

"Kí lẹ sọ fún wọn?"

"Mo ní kí wọ́n ní sùúrù títí a ó fi dé. Ṣùgbọ́n o ṣèlérí o. Tá a bá ti yí i po lẹ́ẹ̀kan, ó parí."

"Mo ṣèlérí," ni Mìsítúrà wí. Ó ká máàpù náà jẹ́ẹ́jẹ́.

Nínú oṣù karùn-ún, wọ́n wọ reluwé láti ibùdó Euston ní London. Òjò pa wọ́n lọ́jọ́ kìíní. Mìsítúrà ló ń ṣáájú, híjáàbù rẹ̀ rin ṣìn-ìn. Gbogbo ẹni tó bá pàdé ló ń dá dúró, tó ń fi fọ́tò Yaqub hàn.

"Mummy, ó tó báyìí," ni Aishah ń wí. "Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa lọ."

Lọ́jọ́ kẹta, orúnkún rẹ̀ wú. Làtíìfù ní káwọn pe takisí wá sójú títì. Mìsítúrà kọ̀. Ó fi ìdí wọ́ sọ̀kalẹ̀ níbi tí kò ti lè dúró, ó ń fi tàsíbíù yin Ọlọ́run lábẹ́ ètè rẹ̀, ọkọ rẹ̀ sì ń bọ̀ lẹ́yìn. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹrin, wọ́n padà dé ibi tí wọ́n ti gbéra ní Ambleside. Ó wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan.

Ní Jímọ̀ tó tẹ̀lé e, oṣù mẹ́ta lẹ́yìn tí àwọn tó ń wá Yaqub lórí àwọn òkè náà ti jáwọ́, Mìsítúrà jẹ́ kí Ààfáà kírun òkú fún un láìrí òkú rẹ̀, bó ṣe ṣèlérí fún ọkọ rẹ̀.