Ṣọ́ọ̀bù Karùn-ún

"Má wulẹ̀ kọ nǹkan kan sára oògùn oorun yẹn," ni bàbá àgbàlagbà náà wí. "Mo mọ bí mo ṣe fẹ́ lò ó."

Bírò dúró lọ́wọ́ apòògùn. Láti ọjọ́ tó ti ń ta oògùn, kò sí páálí oògùn oorun tó kúrò lórí káńtà rẹ̀ láìjẹ́ pé ó kọ ọ́ sí i: ẹyọ kan, tí ẹ bá fẹ́ sùn. Ó gbójú sókè. Aṣọ bàbá náà mọ́ nigínnigín, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ dà bí ilé tí wọ́n ti kó ẹrù inú rẹ̀ jáde. Apòògùn fa páálí náà sẹ́yìn.

"Ẹ má bínú, Bàbá. Oògùn oorun ti tán."

"Kí lo wá mú dání yẹn?"

Irọ́ kò ṣiṣẹ́. Bí òun bá bi í, tó bá bínú lọ ńkọ́? Bí òun ò bá bi í ńkọ́?

"Bàbá, ṣé ẹ fẹ́ pa ara yín ni?"

 Bàbá ki ọwọ́ bọ àpò, ó mú páálí oògùn kan náà jáde, ó gbé e sórí káńtà. Ó tún mú òmíràn. Ó di mẹ́rin. Ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n kọ sára gbogbo wọn: ẹyọ kan, tí ẹ bá fẹ́ sùn.

"Ṣọ́ọ̀bù mẹ́rin ni mo ti yà," ni ó wí. "Gbogbo wọn ló kọ ọ́ dáadáa. Kò sẹ́ni tó bi mí." Ó tì wọ́n síwájú. "Bá mi gbà wọ́n, ọmọ mi. Má jẹ̀ẹ́ kí n mú wọn délé."