Benedict Ajẹmáṣẹ́kù Nídìí Ṣẹ́ẹ̀sì

Ojúkòkòrò ni àrùn tó ń ṣe Benedict. Kì í ṣe pé kò gbọ́n o. Ní gbogbo Igbótako, ẹni tó lè jókòó tì í nídìí ṣẹ́ẹ̀sì kò pọ̀. Àmọ́ bó bá ti ń borí èèyàn, kì í fẹ́ kó tètè parí. Ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jẹ gbogbo ọmọ tí onítọ̀hún ní lórí pátákó, kó fi í ṣẹ̀sín dáadáa, kó tó wá pa ọba rẹ̀.

Níbi tí a ti ń lọ ẹ̀gẹ́ ni wọ́n ti ń ta á. Bàbá Sànúsí ló ni ẹ̀rọ. Nígbà tí ìjà lórí ta ló kàn pọ̀ jù, bàbá gbé pátákó ṣẹ́ẹ̀sì wá, ó sì ṣòfin. Ẹni tó bá fẹ́ gba ipò ẹni tó wà níwájú rẹ̀, kó pè é síbi ṣẹ́ẹ̀sì. Ẹni tí wọ́n pè kò lè kọ̀. Bí ẹni tó pè é bá borí, kí wọ́n pààrọ̀ ipò. Bí kò bá borí, ìbáà ṣe ọ̀mì ni wọ́n ta, kó padà sẹ́yìn pátápátá. Ẹ̀ẹ̀kan péré lèèyàn sì lè peni lójúmọ́. Kò pẹ́ tí tọmọdé tàgbà wa fi mọ̀ ọ́n ta, torí ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ̀yìn ni yóò máa wà.

Lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí, epo ṣòro ó rà. Bàbá ti kìlọ̀ pé èyí tó wà nínú ẹ̀rọ lè má dé ọ̀dọ̀ àwọn tó kẹ́yìn. Àìṣát àti Hàwáù, ìyá rẹ̀, ló kàn. Onílẹ̀ ti gba ilẹ̀ lọ́wọ́ wọn, gbogbo ẹ̀gẹ́ oko náà ni wọ́n hú kó wá, wọ́n sì ti bó o tán. Ẹ̀gẹ́ tí a bó, bí kò bá rí ẹ̀rọ, yóò dúdú, yóò máa yọ̀. Òun nìkan sì ni ohun tí wọ́n máa jẹ títí wọn yóò fi rí oko mìíràn.

Benedict jìnnà sẹ́yìn wọn. Àwa yòókù máa ń bó ẹ̀gẹ́ díẹ̀díẹ̀ bí ìlà bá ṣe ń sún. Tirẹ̀, ó ti bó gbogbo rẹ̀ látilé, torí ó dá a lójú pé ipò tó bá wu òun lòun máa gbà.

"Àìṣát, dìde wá. Ìwọ ni mo pè."

"Benedict, ọmọ mi," Hàwáù bẹ̀ ẹ́, "tiwa ti di bíbó. Jọ̀ọ́, pe ẹlòmíràn."

"Màmá, àbí ẹ̀yin lẹ fẹ́ bá mi ta á? Ẹ gbé tẹ̀sùbáà yẹn sílẹ̀ ká bẹ̀rẹ̀."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín. Àìṣát lọ jókòó sídìí pátákó. Ẹ̀rù ló jẹ́ kó gbé ayaba rẹ̀ sí ojú ọ̀nà ẹṣin Benedict, Benedict sì jẹ ẹ́ lójú ẹsẹ̀. Hàwáù dìde, ó fi tapólì bo ẹ̀gẹ́ wọn bí ẹni ń bo òkú.

Benedict ń jẹ ẹ́ lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Jésùtómi, ọ̀rẹ́ rẹ̀, rọra sọ̀rọ̀ sí i létí.

"Bẹ́nẹ́, o lè pa ọba yẹn báyìí o. Pa á, ká kúrò níbí."

"Fi mí jẹ́ẹ́. Mo fẹ́ kó ku ọba yẹn nìkan, bí ọba tí ará ìlú lé."

Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Benedict kò rántí.

Ó wá ku ọba Àìṣát ní kọ̀rọ̀, àti ilé-ìṣọ́ kan, èyí tó máa ń rìn tààrà. Omi ń dà lójú ọmọ náà, àmọ́ kò gbé ojú kúrò lórí pátákó. Ó rí i pé ẹnikẹ́ni ò lé ọba òun níbi tó wà, ṣùgbọ́n kò síbi tó lè gbẹ́sẹ̀ sí tí wọn ò ní pa á. Ilé-ìṣọ́ yẹn nìkan ló lè rìn. Bí Benedict bá jẹ ẹ́, òun kò ní ohun tí òun lè rìn mọ́, ọ̀mì sì nìyẹn. Bí Benedict bá kàn fi ọba tirẹ̀ sá sẹ́yìn, ó ti parí fún òun.

"Bísímílláì," Àìṣát wí wúyẹ́wúyẹ́. Ó gbé ilé-ìṣọ́ lọ dojú kọ ọba Benedict, ní ìhòòhò, láìsí ohun tó dáàbò bò ó.

Èmi tí mo dúró, mo sún mọ́ pátákó.

"Ẹ wo wèrè o!" Benedict bú sẹ́rìn-ín. "Ó fọwọ́ ara rẹ̀ gbé èyí tó kù wá fún mi!" Ó fi ayaba jẹ ẹ́. "Ó yá, rìn."

"Kí ni kí n rìn, bùọ̀dá?"

"Ọba rẹ ńkọ́?"

"Kó lọ síbo?"

Benedict wo pátákó. Bàbá Sànúsí kúrò nídìí ẹ̀rọ, ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ìka kan ojú ibi tó yí ọba náà ká.

"Ọ̀mì ni," bàbá ní. "Benedict, ẹ̀yìn."

Hàwáù ṣí tapólì pẹ̀lú ẹkún, wọ́n sì lọ ẹ̀gẹ́ wọn. Ẹ̀rù tó wà lára Àìṣát wá kó sí Benedict lára. Bí ẹ̀rọ bá ti wúkọ́ báyìí, á ta gìrì. Ó lọ bá Mildred tó wà níwájú.

"Àǹtí Mi, ẹ ṣàánú mi, ẹ jẹ́ n fi tèmi sáàárín."

"Lọ́jọ́ tí o gba ipò mi, tí o ń pè mí ní olórí dídì, ṣé o ṣàánú mi?"

Ó bẹ̀ títí, ẹnikẹ́ni ò sún fún un. Kó tó kàn án, ẹ̀rọ wúkọ́, ó sì dákẹ́. Nígbà tí bàbá fi rí epo rà, ẹ̀gẹ́ Benedict ti dúdú, ó ti ń yọ̀ lọ́wọ́. Iṣẹ́ oko ọdún kan gbáko. Kò rí ẹni bá a gbé e. Òun nìkan ló ń fi ọpọ́n rù ú lọ dà sínú igbó, ó ń lọ, ó ń bọ̀, gbogbo wa ń wò ó.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú dání nìyí. Ẹni tí Ọlọ́run bá fún ní ìborí, kó gbà á, kó máa lọ. Kó má ṣe dúró fi ẹni tó ti ṣubú ṣeré. Ẹ̀gẹ́ tó ti gbẹ lábẹ́ jáàkì tí a fi ń fún omi rẹ̀, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀, torí àpò tí a bá fún jù, yíya ló ń ya. Ìwọ tí wọ́n sì ń jẹ mọ́ lọ́wọ́, tí àyà rẹ ń já, má tíì dìde. Máa wo ojú pátákó rẹ. Ojúkòkòrò ẹni tó ń lé ọ lè jẹ́ ọ̀nà tí wàá gbà bọ́.