Iyọ̀ Nínú Ògiri Ilé Ọlọ́run

Ẹ má ka ìtàn yìí dé àárín kí ẹ jù ú sílẹ̀. Ẹ kà á dé ìsàlẹ̀, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn láti máa wí pé, "Oore-ọ̀fẹ́ ti bò ó."

1.
Bíríkìlà ni Honoré ní Port-Bouët létí òkun, nílẹ̀ àwọn tó ń sọ Faransé, díákónì sì ni nínú ìjọ àwọn Yorùbá tó wà níbẹ̀. Òun ló mọ ògiri ọgbà fún Ìyá Ṣàkírát, ìyá àgbà Mùsùlùmí tí ilé rẹ̀ fara kan ti Honoré. Òjò ńlá rọ̀, ògiri wó lu ìyá náà, itan rẹ̀ sì ṣẹ́.

Ibẹ̀ ni àṣírí ti tú. Etíkun ni Honoré ti lọ kó yanrìn ọ̀fẹ́. Iyọ̀ inú yanrìn òkun a máa jẹ irin inú ògiri. Kò sí bíríkìlà tí kò mọ̀.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, ó kúnlẹ̀ níwájú ìjọ, ó sunkún bí ọmọdé. Àṣà wọn ni pé ẹni tó bá kúnlẹ̀ báyìí, wọn á kọrin lé e lórí, wọn á bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ mẹ́nu kan ọ̀rọ̀ náà mọ́.

Pásítọ̀ ní, "Oore-ọ̀fẹ́ ti bò ó. Ọ̀rọ̀ parí."

Ìjọ ní, "Àmín!"

Àmín ta ni? Ẹni tí ògiri wó lù wà lórí ẹní nílé. Ẹnikẹ́ni kò bi í.

2.
Tinúọlá, ìyàwó Honoré, gbé ọbẹ̀ lọ bá Ìyá Ṣàkírát.

"Yako, Ìyá. Ẹ kú ìrora."

"Wọ́n ní ọkọ rẹ ti kúnlẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá. Ọlọ́run ti dárí jì í."

"Ó dáa o. Èmi ò mọ̀ pé Ọlọ́run ni ògiri wó lù." Ìyá rẹ́rìn-ín títí ìrora fi dá a dúró. "Tinúọlá, ibo tún ni yanrìn yẹn wà?"

Ọ̀rọ̀ yẹn gún un bí ẹ̀gún. Láti ọjọ́ náà ló ti ń ṣọ́ ọkọ rẹ̀. Honoré ń kọ́ bákónì kan sókè nínú ṣọ́ọ̀ṣì, níbi tí àwọn akọrin ọmọdé yóò dúró sí nígbà ìkórè. Kí ló dé tó jẹ́ pé bí Tinúọlá bá ti dárúkọ bákónì, orin ni ọkọ rẹ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀? Kí ló dé tí kò jẹ́ kó gbé oúnjẹ wá síbi iṣẹ́ mọ́?

3.
Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Tinúọlá ṣe bí ẹni tó fẹ́ lọ gbálẹ̀, ó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Kò sí ẹnì kankan. Ó gun àga, ó fi èékánná ha abẹ́ bákónì, ó fi í kan ahọ́n.

Iyọ̀.

Lálẹ́, ó bi ọkọ rẹ̀: "Bàbá Estelle, ibo lẹ ti kó yanrìn bákónì?"

"Obìnrin yìí! Ọlọ́run ti sọ ẹ̀ṣẹ̀ mi sínú òkun, ìwọ fẹ́ lúwẹ̀ẹ́ lọ gbé e jáde?"

"Inú òkun yẹn náà lẹ ti lọ bù ú padà, ẹ wá fi mọ ilé Ọlọ́run."

Honoré mú fìlà, ó jáde.

Tinúọlá lọ sọ ohun tó rí fún Pásítọ̀. Ìyẹn kò wo ojú rẹ̀. "Arábìnrin, ẹni tó bá ń ṣí ohun tí oore-ọ̀fẹ́ bò, Èṣù ló ń bá ṣiṣẹ́. A ti pe àlejò ìkórè." Ẹ gbọ́: ta ló mọ̀ bóyá Pásítọ̀ náà ti fura?

4.
Láàárọ̀ ọjọ́ ìkórè, Tinúọlá pe ọmọ rẹ̀ tó wà nínú àwọn akọrin. "Estelle, inú ń run ọ́ lónìí."

"Màmá, inú ò run mí."

"Mo ní inú ń run ọ́!"

Ó fi í sọ́dọ̀ Ìyá Ṣàkírát. Òun fúnra rẹ̀ lọ jókòó sẹ́bàá ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì.

Àwọn ọmọ gòkè. Pélagie, ọmọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ tímọ́tímọ́, juwọ́ sí i. "Tanti, Estelle dà?"

Tinúọlá lanu. Orin bẹ̀rẹ̀. Ó pa ẹnu dé.

Orin náà kò parí tí bákónì fi já. Nígbà tí wọ́n gbé Pélagie jáde, kò mí mọ́.

Nínú eruku, Honoré kúnlẹ̀, ó nawọ́ sókè. "Olúwa, oore-ọ̀fẹ́!" Ẹnikẹ́ni kò kọrin. Ìyá Pélagie kò tilẹ̀ wò ó. Tinúọlá ló tẹjú mọ́.

"Tinúọlá, ọmọ tèmi rèé. Tìrẹ dà?"

5.
Honoré wà lẹ́wọ̀n. Tinúọlá ti mú ọmọ rẹ̀ sá lọ sí ìlú Anyama, ṣùgbọ́n ìbéèrè yẹn bá a dé ibẹ̀. Pásítọ̀ ńkọ́? Ó ti ṣí ìjọ mìíràn sí Zone 4, àdúgbò àwọn olówó. Wọ́n ní oore-ọ̀fẹ́ ló ṣì ń wàásù.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ lajú! Oore-ọ̀fẹ́ kì í ṣe ọ̀dà tí a fi ń kun ògiri tó ti sán. Ẹni tó bá rí i gbà lóòótọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ á gbé e dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ṣẹ̀, ọwọ́ ara rẹ̀ ni yóò sì fi wó ohun tó kọ́ ní ìkọ́kúkọ̀ọ́. Bí wọ́n bá ní kí ẹ dákẹ́ nítorí oore-ọ̀fẹ́, ẹ bi wọ́n pé: ta ni ìdákẹ́jẹ́ yìí ń dáàbò bò? Ẹ̀yin tí ẹ sì mọ̀, tí ẹ kàn fa ọmọ tiyín sẹ́yìn, ẹ ti pín nínú ẹ̀ṣẹ̀ náà.

A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá.