Orúkọ tí Ìyàwó Kì í Pè

"Ẹ tẹ orúkọ náà, mà. Kọ̀ǹpútà lásán ni, kì í ṣe ènìyàn."

Ẹnjiníà ló ń bẹ taipíìsì ní ọ́fíìsì Ìbarà. Ó ti fi àpótí kékeré kan so kọ̀ǹpútà ibẹ̀ pọ̀ mọ́ ti ọ́fíìsì Láfẹ́nwá, ó sì sọ ọ̀kọ̀ọ̀kan ní orúkọ ẹni tó ń lò ó, kí ẹnikẹ́ni má baà máa há nọ́ńbà tí a fi ń pè wọ́n sórí. Ti Láfẹ́nwá ń jẹ́ Olúbọ̀dé. Àbúrò ọkọ taipíìsì sì ni Olúbọ̀dé.

"Láti ìgbà tí mo ti délé ọkọ, n kò pe orúkọ yẹn rí. Adúmáadán ni mò ń pè é."

"Ṣùgbọ́n ọkọ yín ti kú, mà."

"Ọkọ ló kú. Ilé rẹ̀ ò kú."

"Ọ̀gá ń bọ̀ o! Wọ́n ní bí ẹ ò bá rí Láfẹ́nwá pè kí àwọn tó dé, ẹlòmíràn ni yóò gba àga yín."

Taipíìsì mí kanlẹ̀, ó sì rọra tẹ Adúmáadán.

Ẹnjiníà bú sẹ́rìn-ín. "Inú kọ̀ǹpútà Láfẹ́nwá ni a to gbogbo orúkọ sí. N kò kọ Adúmáadán kankan síbẹ̀."

Ojú kọ̀ǹpútà ṣókùnkùn díẹ̀. Lẹ́yìn náà, ọ̀rọ̀ yọ:

"Ìyàwó wa, èmi ni mo kọ ọ́ síbẹ̀. Mo mọ̀ pé o ò ní pe tọ̀hún."

Nígbà tí ọ̀gá ṣílẹ̀kùn, orí ìkúnlẹ̀ ló bá taipíìsì, níwájú kọ̀ǹpútà.