Òpópónà Tí Kò Sẹ́ni Níbẹ̀

Olùkọ́ ni Rẹ̀mílẹ́kún. Òun ló ń tọ́jú ojú-ewé tó sọ nípa ìlú kékeré wọn, Agbálé-Odò, nínú ìwé ìmọ̀ orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí ẹnikẹ́ni lè tún kọ. Lẹ́yìn tí omíyalé gbé Òpópónà Keje lọ, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "Kò sí ẹni tó ń gbé ibẹ̀ mọ́."

Kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹnì kan ti pa á rẹ́, ó kọ ọ́ pé: "À ń gbé ibẹ̀." Rẹ̀mílẹ́kún dá tirẹ̀ padà, ẹni náà tún yí i. Wọ́n ń bá a bọ̀ báyìí títí ara fi ta Rẹ̀mílẹ́kún. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó mú fóònù, ó lọ ya àwòrán òpópónà náà kó lè fi ṣe ẹ̀rí.

Koríko ti ga dé ìbàdí, àwọn ilé kò sì lórùlé mọ́. Síbẹ̀ ó ń gbọ́ ìró ìgbálẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì, òórùn ata díndín sì ń fẹ́ wá.

"Ẹ káalẹ́, tíṣà," ni bàbá kan wí láti ẹnu ọ̀nà. Omi ń kán lára aṣọ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ òjò ò rọ̀ láti oṣù méjì.

"Ẹ káalẹ́, sà."

"Ẹ̀yin lẹ ń pa wá rẹ́?"

"Mo rò pé ẹ ti lọ ni, sà."

"A ò lọ síbì kankan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un kọ."

Rẹ̀mílẹ́kún tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù rẹ̀ pé àwọn ènìyàn ń gbé ibẹ̀. Nígbà tó gbójú sókè, bàbá náà ti wọlé. Àtùpà ń tàn lójú gbogbo fèrèsé, ẹnì kan tí kò rí sì ń gbé àga bọ̀ síta fún un.