Ilẹ̀kùn Ẹ̀yìn Tí Ọwọ́-Yá Fi Sílẹ̀

Ẹ ka ìtàn yìí dé ìparí kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíì, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ máa ń sọ pé, "Màá ṣe ìyókù tó bá yá."

1.
Obìnrin kan ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní ilé ìwòsàn àwọn ọmọdé. Ọwọ́-Yá ni wọ́n ń pè é, torí iṣẹ́ tí ẹlòmíì máa fi ọ̀sẹ̀ kan ṣe, kí ilẹ̀ tó ṣú ló ti parí ẹ̀. Orúkọ yẹn dùn mọ́ ọn nínú ju oúnjẹ lọ.

Ọ̀gá wọn fẹ́ kí àwọn òbí máa fi fóònù wo ọjọ́ tí abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọ wọn kàn. Inú àká kan lórí kọ̀ǹpútà ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà wà: ọmọ, ìyá ọmọ, ilé tí nọ́ọ̀sì ti lọ gún ọmọ lábẹ́rẹ́. Iṣẹ́ Ọwọ́-Yá ni láti ṣí ojú ìbéèrè sára àká náà, ìyẹn ibi tí fóònù á ti béèrè ọ̀rọ̀, tí àká á sì dáhùn. Irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń ṣe é ò le. Wàá sọ ohun tí èèyàn lè béèrè, wàá sì sọ ẹni tó láṣẹ láti béèrè ẹ̀. Níbi "ta ló láṣẹ", Ọwọ́-Yá mú "gbogbo èèyàn", kó lè tètè dán an wò. Ó wá bo àdírẹ́sì ìyá mọ́lẹ̀, ọkàn ẹ̀ sì balẹ̀.

2.
Ìyá Ìbejì, tí wọ́n jọ ń lo tábìlì kan, yọjú wò ó.

"Tí mo bá béèrè ìyá, kò fún mi ní ilé ẹ̀. Ó dáa. Tí mo bá béèrè ọmọ ńkọ́, tí mo tún béèrè ibi tí nọ́ọ̀sì ti gún un kẹ́yìn?"

Ó tẹ̀ ẹ́ wò. Àdírẹ́sì yọ gedegbe.

Ọwọ́-Yá rẹ́rìn-ín. "Ìyá Ìbejì, ẹ̀yin nìkan lẹ máa ń gba ẹ̀yìnkùlé wọlé onílé. Ta ló máa béèrè bẹ́ẹ̀?"

"Ẹni tó ń wá nǹkan ni."

"Màá dí i lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọ̀gá ti ń retí mi."

"Dí i báyìí, jàre. Kò lè pẹ́."

"Ẹ jẹ́ kí n rímú mí."

Bó ṣe ṣí i fún aráyé nìyẹn. Ọ̀gá yìn ín lójú gbogbo wọn. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ dé, iṣẹ́ mìíràn ti gorí ẹ̀, ó sì gbàgbé.

3.
Ọwọ́-Yá ní àbúrò obìnrin kan, tó ti gbé ọmọ ẹ̀ sá kúrò lọ́dọ̀ ọkọ tó ṣẹ́ ẹ lápá. Ọwọ́-Yá fúnra ẹ̀ ló bá wọn wá yàrá tí wọ́n sá pamọ́ sí. Òun àti ilé ìwòsàn, tí nọ́ọ̀sì wọn ti lọ gún ọmọ náà lábẹ́rẹ́ níbẹ̀, nìkan ló mọ ibẹ̀. Àmọ́ ọkọ yẹn, iṣẹ́ kọ̀ǹpútà lòun náà ń ṣe, nọ́ńbà káàdì abẹ́rẹ́ ọmọ sì wà lọ́wọ́ ẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, fóònù Ọwọ́-Yá dún.

"Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o." Ohùn ọkọ àbúrò ẹ̀ ni, ó tutù minimini.

"Kí lo ń fẹ́?"

"Ẹ ti fún mi. Ọpẹ́ ni mo wá dá. Ojú ìbéèrè yín yẹn dáa o, ó ń dáhùn bí ọmọ tó gbẹ́kọ̀ọ́. Mo ti wà ní àdúgbò wọn báyìí."

Ọwọ́-Yá pe àbúrò ẹ̀. Fóònù ń dún, kò gbé e. Ó tún pè. Ẹ̀yin ìyá, ṣé ẹ mọ bó ṣe máa ń rí, kí fóònù máa dún, kí ẹni tí ẹ fẹ́ gbọ́ ohùn ẹ̀ má gbé e? Kò mú báàgì, kò dágbére fún ẹnikẹ́ni. Ó sáré jáde.

4.
Wọ́n ti já ilẹ̀kùn yàrá náà. Ìkòkò wà lórí iná, ohun tó wà nínú ẹ̀ ti ń jó. Bàtà ọmọ, ẹsẹ̀ kan péré, wà lábẹ́ fèrèsé.

Bàbá aránṣọ tó ń gbé ní yàrá kejì dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Ojú fèrèsé ni wọ́n gbà. Mo ń bá ọkùnrin yẹn fa ọ̀rọ̀ níwájú, kí wọ́n lè ráyè lọ."

"Bàbá, ibo ni wọ́n lọ?"

"Ìyá ọmọ ní kí n má sọ."

"Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ni mí, sà."

Bàbá wo ilẹ̀. "Ọkùnrin yẹn ń pariwo lẹ́nu ọ̀nà pé ilé iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ló júwe ibí fún òun. Ìyá ọmọ gbọ́ ọ. Ẹ̀yin gan-an ló ní kí n má sọ fún."

Ọwọ́-Yá padà síbi iṣẹ́, ó dí ihò yẹn. Ìyá Ìbejì jókòó tì í, kò sọ pé, "Ṣebí mo wí." Kò pẹ́ rárá tó fi parí. Ohun tó dùn ún jù nìyẹn.

Nígbà tó ṣe, nọ́ńbà àjèjì kan pè é.

"Àǹtí, a wà láàyè. Ẹ má béèrè ibi tí a wà."

"Ṣé o rò pé mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni?"

"Rárá. Mo mọ̀ pé ẹ fẹ́ràn wa. Ọwọ́ yín tó yá yẹn ló ń bà mí lẹ́rù."

Ọwọ́-Yá ń gbọ́ ohùn ọmọ lẹ́yìn ìyá ẹ̀. Fóònù sì kú.

Títí di òní, kò mọ ibi tí wọ́n wà. Nígbà mìíràn, á ṣe bí ará ìta, á tẹ nọ́ńbà ọmọ yẹn, á béèrè ibi tí nọ́ọ̀sì ti gún un kẹ́yìn. Àká á dá a lóhùn bó ṣe yẹ kó ti dá ọkùnrin yẹn lóhùn: "O kò láṣẹ."

Ẹ̀yin tí ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ wà níkàáwọ́ yín, mo bẹ̀ yín, kí ẹ tó ṣílẹ̀kùn fún aráyé, ẹ yí ilé po. Ẹ wo ẹ̀yìnkùlé. Ihò tí ẹ bá rí lónìí, ẹ má fi dọ̀la, ẹ má sì fi ẹni tó fi í hàn yín ṣẹ̀sín. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò ní ráyè wọ ibẹ̀.