Ìbàdí Irin fún Awakọ̀ Náà

Wọ́n ti awakọ̀ náà wọlé lórí àga onítáyà. Ó ti pé ọdún mẹ́rin tí ìbàdí rẹ̀ ti fọ́, lọ́jọ́ kan náà tó mutí yó wakọ̀, tó sì tẹ àbúrò dókítà eegun ilé ìwòsàn náà pa. Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ní wọ́ọ̀dù náà.

“Ẹ jẹ́ kí dókítà mìíràn ṣe é, mà,” nọ́ọ̀sì àgbà sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

“Èmi ni mo ránṣẹ́ pè é. Ẹ kó oríkèé irin jáde. Gbogbo ìwọ̀n.”

Láàárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ abẹ, ìyá dókítà pè é lórí fóònù. “Ọmọ mi, ọ̀bẹ wà lọ́wọ́ rẹ. Rántí Ẹni tó ń rí ìkọ̀kọ̀. Fi ẹ̀san sílẹ̀ fún Ẹni tó ni ẹ̀san.”

“Ó máa ń rán èèyàn níṣẹ́, Màámi.”



Nínú yàrá iṣẹ́ abẹ, nọ́ọ̀sì kò gbójú kúrò lọ́wọ́ dókítà. Irin àkọ́kọ́ tí ó dán wò mú kí ẹsẹ̀ kan fi díẹ̀ gùn ju èkejì lọ, kò ju ìbú èékánná lọ.

“Ìyẹn náà ti dára jù fún irú ẹ̀,” ni nọ́ọ̀sì wí. “Kó máa tiro lọ.”

“Kò gbọdọ̀ tiro.” Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló pààrọ̀ irin kí ẹsẹ̀ méjèèjì tó dọ́gba.

Lọ́jọ́ kejì, dókítà fúnra rẹ̀ ló gbé e dìde. Ojoojúmọ́ ló ń bá a rìn. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ karùn-ún, ó ní kó máa dúró lójú kan fún odindi wákàtí kan, láìfara ti nǹkan kan.

“Dókítà, ṣé ẹ fẹ́ fi mí ṣe sójà ni?”

Dókítà rẹ́rìn-ín díẹ̀. “Ó ṣì ku ogún ìṣẹ́jú.”

Lọ́sẹ̀ kẹfà, ọkùnrin náà rìn wọ ọ́fíìsì rẹ̀ láìsí ọ̀pá, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. “Mo pa ọmọ ìyá yín, ẹ sì fún mi lẹ́sẹ̀. Ọlọ́run á san án fún yín.”

“Ṣé ẹ lè dúró pẹ́ dáadáa báyìí?”

“Bí òpó iná, mà!”

Dókítà bu ọwọ́ lu ìwé ẹ̀rí ìlera ọkùnrin náà, ó sì nà án sí ọlọ́pàá tó jókòó sẹ́yìn ilẹ̀kùn, nítorí ọdún mẹ́rin gbáko ni adájọ́ ti ń sún ẹjọ́ lórí ikú àbúrò rẹ̀ síwájú, pé olùjẹ́jọ́ kò lè dìde dúró nílé ẹjọ́.